Ọ̀nà Ni Í Yan Ọkọ̀ fún Ará Ìgbẹ́tì

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní Ìgbẹ́tì, ìbáà ṣe àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ tà lọ́dún yìí, ìbáà ṣe olùkọ́ tí ó fi ọdún gbọọrọ dá èsúsú, ìmọ̀ràn kan ni mo ní fún un: kí ó tó jẹ́ kí ojú yan ọkọ̀ fún òun, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀nà yàn án. Ojú a máa fẹ́ ohun tí ń dán, etí a sì máa fẹ́ orúkọ tí ó ròkè, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni yóò gbé e, ọ̀nà náà ni yóò sì fi yé e, kí oṣù mẹ́ta tó yí po, bóyá ọkọ̀ ni ó rà tàbí gbèsè. Mo ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìfẹ́ mọ́tò ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ láti kékeré, tí ó lè fi ìró éńjìnnì lásán mọ irú ọkọ̀ tí ń bọ̀ kí ó tó yọjú, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ti gbà pé bí a bá wá a tí a kò rí i, kí a wo abẹ́ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì.

Ìgbẹ́tì olókè, tí ó fi ẹ̀yìn ti àpáta Ìyámọ̀pó àti Agbélé bí ọba ti í fi ẹ̀yìn ti ìtẹ́, ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọlọ́runsògo, ní ìhà àríwá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé tí ìjọba àpapọ̀ fi igbó rẹ̀ ṣe ọgbà ẹranko. Ọ̀nà ńlá tí ó ti ìlú wa jáde kò pọ̀: ọ̀kan gba Ìkòyí-Ilé, ilé àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí kì í gba ọfà lẹ́yìn, lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́; òmíràn gba Kíṣí lọ sí Ìgbòho, ìlú tí àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó ní ayé ìgbà tí ogun lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, kí ó tó kọjú sí Ṣakí. Lórí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni iṣu wa ń gbà lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, àti láfún, àti àgbàdo, àti èédú, àti kaṣú. Orí wọn náà sì ni àwọn àjàgbé tí ó ru òkúta mábù ń gbà, òkúta funfun tí ó sọ ìlú wa di olórúkọ, tí ó sì sọ títì wa di àkísà. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ a máa gbé táyà mì dé ìdajì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ pupa a ṣù jọ ní ìlà-ìlà láti etí ọ̀nà dé etí ọ̀nà, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ kì í rìn mọ́, gbígbọ̀n ni yóò máa gbọ̀n, títí eyín ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ yóò fi máa lu ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń la ojú irin, rélùwéè dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó dé Ìlọrin ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó sì gba Jẹ́bà kọjá lọ sí Òkè-Ọya, ó fi gbogbo Òkè-Ògùn sílẹ̀ ní apá òsì rẹ̀ láì yà kí wa. Ọ̀nà mọ́tò, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ là láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún 1906, ni ó wá di ojú irin tiwa. Bí ó sì ti ń gùn síwájú díẹ̀díẹ̀ ni bọ́lẹ̀kájà onípákó ń tẹ̀ lé e, tí ó kó ènìyàn àti ewúrẹ́ àti ẹrù iṣu pọ̀ sí ojú kan, tí àwọn àgbà wa sì ń sọ̀kalẹ̀ láti tì í gun òkè. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni gbogbo Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì títì sílẹ̀ tí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí ó bá mọ bí títì wa ti tó ní ìbú yóò mọ̀ pé òfin náà kò fi bẹ́ẹ̀ yọ dẹ́rẹ́bà Òkè-Ògùn lẹ́nu, nítorí pé ibi tí kòtò kò bá sí ni oníkálukú ń gbà, ìbáà ṣe ọ̀tún, ìbáà ṣe òsì.

Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ti kúrò ní ohun tí dókítà àti adájọ́ nìkan ń gùn. Ọkọ̀ méjèèjì dé Ìgbẹ́tì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá, ọmọ Volkswagen, ní àwọn olólùfẹ́ tirẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi: éńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kò ní radiétọ̀ tí yóò jo, nítorí náà ẹni tí ó gùn ún kò ní ohun tí ó kàn án pẹ̀lú wíwá omi ní ojú ọ̀nà nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Ó ju mílíọ̀nù 21 irú rẹ̀ lọ tí wọ́n ṣe lágbàáyé kí èyí tí ó kẹ́yìn tó jáde ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ní ọdún 2003. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́; níbo ni àgbẹ̀ yóò di iṣu sí nínú Ìjàpá?

Peugeot 504 ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e àwọn oníwèé ìròyìn ní Yúróòpù yàn án ní ọkọ̀ tí ó dára jù lọ lọ́dún náà, n kò sì rò pé ẹnì kan nínú àwọn tí ó yàn án ní ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lọ́kàn. Síbẹ̀, bí ẹni tí ó ti rí ọ̀nà wa lójú àlá ni ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ ṣe é. Inú rẹ̀ ga kúrò nílẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ sàlúùnù, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá wọ kòtò, àwọn mẹ́ta yòókù kò ní bá a ṣọ̀fọ̀. Èyí tí ó jẹ́ alápótí gígùn, tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, ni ó sọ gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ àti ti Ìlọrin di ibi tí ènìyàn ti lè jí lówùúrọ̀ kí ó sì wà ní Èkó kí ọjọ́ tó lọ. Kàbúrétọ̀ rẹ̀ kò ní àṣírí kankan: ọmọ iṣẹ́ tí kò ì tíì gba òmìnira lè tú u lábẹ́ igi òrí, kí ó fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, kí ó sì tò ó padà, ọkọ̀ yóò sì dáhùn. Ẹ̀yà ara rẹ̀ tí kò bá sí ní ọjà, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn onírin ní Ṣakí yóò rọ ọ́. Mo ti gbọ́ tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń kì í ní gáréèjì, nígbà tí ẹmu bá ti wọ ara díẹ̀: Pijó ọmọ Kàdúná, Aríkòtò-má-wolẹ̀, Agbéṣu-má-káàárẹ̀. Àwọn Faransé dá ṣíṣe sàlúùnù rẹ̀ dúró ní ọdún 1983, ṣùgbọ́n ní Kàdúná wọ́n ń tò ó títí ó fi wọ ọdún 2000 kọjá, èyí tí ó fi hàn pé àwọn tí ń gun ọkọ̀ ní ilẹ̀ yìí mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ju àwọn tí ń ṣe é lọ.

N kò ní sọ pé kò ní àbùkù. Epo a máa wọlé sí i lọ́rùn, ara a máa gbóná fún un lórí òkè, ilẹ̀kùn rẹ̀ a sì máa dípẹtà láti ìsàlẹ̀ wá bí a kò bá tètè fọ ẹrẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n àbùkù tí a mọ̀ sàn ju ẹwà tí a kò lóye lọ, ibí yìí sì ni èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ti ń já ara wa nírọ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti já owó náírà wálẹ̀ ní ọdún 1986, lábẹ́ ètò tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP, ni ọkọ̀ titun ti bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tí tòkunbọ̀ sì ti di ọba. Láti èbúté Kùtọnu ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé, títí ìjọba fi kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017, kò sí ọkọ̀ tí ó gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà mọ́, àfi èyí tí ó bá gba ojú omi. Bí òfin náà ti ṣiṣẹ́ tó, ẹni tí ó ń gbé nítòsí ẹnubodè ni kí ẹ bi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lónìí, bí ènìyàn bá dúró ní ọjà Ìgbẹ́tì, Toyota ni yóò rí ní iwájú, Toyota ni yóò rí ní ẹ̀yìn, àwọn ènìyàn sì ti sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni tí ń sọ ọmọ tuntun: Camry kan ń jẹ́ Orobo, àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Big Daddy, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Muscle, Honda Accord kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ti bá wa parí ìjíròrò náà.

Èmi kò tíì parí tèmi. Mo gbà pé Big Daddy lágbára, pé afẹ́fẹ́ tútù inú rẹ̀ jẹ́ àánú ńlá ní oṣù Kẹta, àti pé ẹ̀yà ara rẹ̀ kún ọjà láti Ìlọrin dé Ìbàdàn, èyí tí í ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ó yẹ kí a fi yan ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ọ̀nà tí ó wà láàárín wa àti Ìkòyí-Ilé kì í bẹ̀rù Big Daddy rárá. Yóò fi òkúta ha á lábẹ́, yóò já bọ́ọ̀ṣì rẹ̀, yóò sì rán an lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò jó irin mọ́ ọn. Èyí tí ó tún burú ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi sí i lórí. Iná ìkìlọ̀ kékeré yẹn, bí ó bá ti tàn níwájú awakọ̀, mẹ́káníìkì wa tí ó mọ Pijó bí ẹni mọ ojú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò kàn mi orí ni, yóò ní kí a wá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣeé ṣe kí ó má ju wáyà kan tí eku gé jẹ lọ. Ní ti Muscle, kí ẹni tí ó fẹ́ rà á máa fa igi ìwọ̀n ọ́ìlì yọ ní òròòwúrọ̀, nítorí pé éńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tí ó wà nínú ti ọdún 2007 sí 2009 a máa mu ọ́ìlì. Ilé iṣẹ́ Toyota fúnra rẹ̀ fi àkókò kún wáráńtì rẹ̀ fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2015 nítorí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá ti mu ọ́ìlì fún ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ wọn kí ó tó di tiwa, kí ni a rò pé yóò máa mu níhìn-ín?

Ẹni tí ó gun Hilux ní ọ̀dọ̀ wa, bí kò bá ṣe olóṣèlú, yóò jẹ́ ẹni tí ń bá olóṣèlú rìn. Ọkọ̀ gidi ni, n kò lè parọ́. Àpò mi ni kò gbà mí láyè láti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Títọ́jú ọkọ̀ ní ọ̀dàn kì í ṣe ohun tí ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá sọ. Ìwé náà lè ní kí a pààrọ̀ fíltà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ ọyẹ́. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, eruku pupa náà a máa wọ ibi tí omi kò lè wọ̀, bí a kò bá sì máa gbọn fíltà nù lóòrèkóòrè, éńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Omi kànga tí a ń dà sí radiétọ̀ nítorí pé ó wà nítòsí ń mú kí ọkọ̀ dípẹtà láti inú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ẹ̀mí éńjìnnì rẹ̀ gùn, kí ó ra omi radiétọ̀ gan-an, bí ó tilẹ̀ wọ́n. Táyà ni èyí tí ó ń pa ènìyàn jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ra táyà tòkunbọ̀ tí ó ti pọ́n lójú oòrùn ẹlòmíràn, a ń wo bí igi rẹ̀ ti ga tó, a kò wo ọjọ́ orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ tán: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Fọganáísà wa tí ó mọ èyí kò pọ̀, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n kì í fẹ́ kí a wò ó.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ epo. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà tí kò tó náírà 200 tẹ́lẹ̀ fò lọ sí nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó kọjá 600 ní oṣù Keje, nígbà tí ọdún 2024 yóò sì fi parí, ó ti wọ 1,000. Iye tí mo dárúkọ yìí, iye ilé epo ìlú ńlá ni. Ẹni tí ó bá ra tirẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà ní abúlé mọ ohun tí ó fi lé e. Láti ìgbà náà ni mo ti rí ọkọ̀ tí ó dára tí wọ́n fi tapólì bò, tí olówó rẹ̀ sì ń gun ọ̀kadà lọ sí oko. Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ ni ó kù lójú títì, àti ẹni tí ìlú kò jẹ́ kí ó sinmi.

Nítorí pé, kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, kò sí ẹni tí ó dá ní ọkọ̀ ní Ìgbẹ́tì. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ènìyàn lè ti géètì rẹ̀ kí ó sùn. Níhìn-ín, bí aboyún bá ń rọbí ní ọ̀gànjọ́ tí ọ̀rọ̀ sì kọjá agbára nọ́ọ̀sì, fèrèsé rẹ ni wọn yóò kàn, ìwọ ni yóò sì gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní ọdún 1907, tí ó di ti Yunifásítì Bowen nísinsìnyí, tàbí sí ti LAUTECH. Bí àgbà kan bá kú sí Ìlọrin, ọkọ̀ rẹ ni yóò gbé òkú rẹ̀ wálé. Ọkọ̀ rẹ ni ìyàwó yóò fi ṣe ìgbéyàwó, wọn yóò so rìbọ́ọ̀nù mọ́ imú rẹ̀, ọjọ́ kejì ni wọn yóò kó àgò adìyẹ àti àpò láfún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ léèrè owó epo. Àwọn tí ó mọ ìtìjú a máa fi iṣu dúpẹ́. Ẹni tí ó bá sì kọ̀, wọn kò ní bú u, wọn yóò kàn máa kí i ní kíkí tí ó ṣókí. Mo ti rí ọkùnrin kan tí ó ta ọkọ̀ rẹ̀ nítorí èyí, tí ó sì ra òmíràn lẹ́yìn ọdún kan, nítorí pé kíkí ṣókí náà kò jẹ́ kí ó gbádùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìdí yìí náà ni mo fi ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ọkọ̀ oníjókòó méjì aláwọ̀ pupa kò ṣeé gùn ní ìlú wa. Kì í ṣe pé ó burú. Ibo ni aboyún yóò jókòó sí?

Ní ayé àtijọ́, dẹ́rẹ́bà a máa pa ajá fún Ògún Lákáayé kí ó tó jáde lọ́dún, àwọn kan ṣì ń ṣe é. Àwọn mìíràn fi àdúrà pásítọ̀ tàbí ti àáfà dípò, wọ́n sì kọ ọ́ sára ọkọ̀ kí Ọlọ́run má baà gbàgbé. Kò sí èyí tí mo lòdì sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ní ọdún 1977, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn tí a ń pè ní Májà-májà, tí ìjọba àpapọ̀ wá dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1988 pẹ̀lú Ṣóyínká ní alága, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wò ni búrékì àti iná ẹ̀yìn, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí iwájú. Ògún kì í ṣọ́ ẹni tí búrékì rẹ̀ ti jẹ tán.

Àwọn ará ìhà gúúsù Òkè-Ògùn ti rí ọ̀nà. Wọ́n ti tún ti Móníyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65, àti ti Ìsẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó lé ní kìlómítà 76, lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Ẹni tí ó gbà wọ́n nígbà kan rí tí ó tún gbà wọ́n nísinsìnyí yóò rí i pé ọkọ̀ rẹ̀ tún padà di ọ̀dọ́. Bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bá parí dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn àjàgbé mábù sì ní ìwọ̀n ẹrù tí wọn kò gbọdọ̀ kọjá, gbogbo ohun tí mo sọ nípa Big Daddy yóò di asán, mo sì ṣe tán láti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ ní gbangba ọjà. Títí di ìgbà náà, Pijó alápótí ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní píkọ́ọ̀pù, ni ojú mi wà lára rẹ̀.

Ọ̀kan wà ní abúlé kan lójú ọ̀nà Kíṣí, lábẹ́ àtíbàbà, funfun, Kàdúná ni wọ́n ti tò ó. Adìyẹ ti yé ẹyin sínú rẹ̀, táyà rẹ̀ méjì ti wọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí iwájú rẹ̀, éńjìnnì rẹ̀ pé, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọwọ́ pa á lára. Bàbá tí ó ni ín sọ pé òun kò tà á, pé ọmọ òun ń bọ̀ láti Èkó wá tún un ṣe. Mo ní kí n fi owó kan sílẹ̀ fún bàbá. Ó ní kí n kọ́kọ́ mú owó náà wá kí òun wò ó.